Ta Ni Yóò Ṣe Àmín sí Àdúrà Ọmọ Wa?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní ìgbà yìí, ọ̀rọ̀ èdè ni, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rò pé ó di ti àwọn tíṣà nìkan. Ó kan ìgbàgbọ́ wa, ó sì kan ilé olúkúlùkù wa.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi àwọn ọ̀dọ́ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú ìjọ wa, ọmọ ọdún 19 tí ó ń lọ sí yunifásítì, ka ìwé kékeré kan tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí etí ìgbọ́ ìjọ. Wọ́n ní kí ó sọ ohun tí ayé ti kọ́ ọ. Ó bẹ ìjọ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kà á ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí bí òun bá fi Yorùbá sọ ọ́, òun kò ní lè sọ ọ́ dé ìdí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwa kò rẹ́rìn-ín. Àwa tí a ti fi gègé pupa ka ìwé ọmọdé fún ọ̀pọ̀ ọdún mọ èyí tí ọmọ kọ láti inú ọkàn rẹ̀, a sì mọ èyí tí ó dà kọ. A gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó kọ èyí. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni a kò ní dá.

Ohun tí ó sọ nìyí ní kúkúrú. Ìyá ìyá rẹ̀ ni ó tọ́ ọ títí ó fi pé ọmọ ọdún 8. Lọ́dọ̀ ìyá àgbà yìí ni ó ti kọ́ pé a kì í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, pé ẹni tí ó jí kò gbọdọ̀ kọjá lára ènìyàn láìkí i, pé bí a bá bu omi mu tán, a ó da ìdérí bo ìkòkò nítorí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Yorùbá ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà bá wọ ara rẹ̀. Nígbà tí ó padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní ìlú ńlá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nílé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níléèwé, Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n sì fi kọ́ ọ ní Ìwé Mímọ́ nínú ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ onígbàgbọ́, níbi tí ó ti fi ayé rẹ̀ fún Jésù. Ó ní ìwà tí wọ́n kọ́ òun ń gbé inú yàrá kan, ìgbàgbọ́ òun ń gbé inú yàrá kejì, àwọn méjèèjì kò sì mọ ara wọn.

Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ èyí tí ó mú kí gbogbo ilé ìsìn pa rọ́rọ́. Ìyá àgbà ṣàìsàn. Ọmọ yìí lọ kí wọn, wọ́n sì ní kí ó gbàdúrà fún àwọn. Ó kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ ìyá mú, ó gbàdúrà bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ó dákẹ́, ìyá kò wí nǹkan kan. Ó ṣe díẹ̀, ìyá wá bi í pé, "Ṣé o ti parí?"

Ìbéèrè tí ó wá bi ìjọ ni pé: ṣé mo gbàdúrà fún ìyá mi ni, àbí mo kàn gbàdúrà níwájú wọn?

Nígbà tí ìsìn parí, ẹnu kò kò. Àwọn ìyá kan ní kí a fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, pé kò sí èdè tí Ọlọ́run kò gbọ́. Àwọn mìíràn ní ìtìjú ńlá ni, pé àwọn òbí rẹ̀ ti sọ ọ́ di òyìnbó dúdú. Àwa kò fara mọ́ ti èkínní, a kò sì fara mọ́ ti èkejì.

Pé Ọlọ́run gbọ́ gbogbo èdè, òtítọ́ ni. Ta ni yóò jiyàn rẹ̀? Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò béèrè bóyá Ọlọ́run gbọ́. Ìyá rẹ̀ ni kò gbọ́. Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì ti bá irú ọ̀rọ̀ yìí pàdé nínú ìjọ Kọ́ríńtì. Bí ẹ bá ṣí Kọ́ríńtì Kìn-ín-ní orí 14 ẹsẹ 16, ẹ ó rí i pé ẹni tí ó jókòó láìmọ ohun tí elédùmarè àdúrà náà jẹ́ létí ara rẹ̀ ni ó ká Pọ́ọ̀lù lára: báwo ni olúwarẹ̀ yóò ti ṣe àmín? Ẹsẹ tí ó tẹ̀ lé e tilẹ̀ gbà pé ẹni tí ń dúpẹ́ náà ṣe é dáadáa. Ẹnì kejì rẹ̀ ni kò rí nǹkan kan mú lọ. Ẹ wo bí ó ti fi ọgbọ́n sọ ọ́. Kò pe àdúrà náà ní irọ́, kò sì ní kí ẹni náà má gbà á mọ́ nígbà tí ó bá dá wà. Ṣùgbọ́n kò gbà pé ó tó. Nígbà tí ìyá àgbà bi ọmọ-ọmọ wọn pé ṣé ó ti parí, àmín ni wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò fi sí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì. Púpọ̀ nínú àwọn àlejò tí wọ́n pé jọ sí Jerúsálẹ́mù lọ́jọ́ náà ni ì bá lóye bí wọ́n bá fi Gíríìkì bá wọn sọ̀rọ̀, nítorí èdè tí wọ́n fi ń ná ọjà káàkiri nígbà náà ni. Síbẹ̀, Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí kejì sọ fún wa pé èdè tí a bí olúkúlùkù sí ni ó gbọ́. Ẹ̀mí Mímọ́ kò ka ìyẹn sí ìfi-àkókò-ṣòfò.

Èdè wa pàápàá mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ yẹ "ìgbàgbọ́" wò. Gbà àti gbọ́ ni ó para pọ̀ di í. Gbọ́ yìí kan náà ni a ń lò nígbà tí a bá ní ẹnì kan gbọ́ Yorùbá tàbí pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣódípọ̀ àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Barry Hallen, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Ifẹ̀, bá àwọn oníṣègùn Yorùbá jókòó sọ̀rọ̀ lórí irú nǹkan báyìí, ìwé wọn sì jáde ní ọdún 1986. Wọ́n rí i pé Yorùbá ya "mọ̀" sọ́tọ̀ kúrò lára "gbàgbọ́": èyí tí ojú ẹni rí ni a mọ̀, èyí tí ẹlòmíràn sọ fún wa tí a sì gbà ni a gbàgbọ́. Àwọn onígbàgbọ́ kan kò fẹ́ràn èyí, wọ́n rò pé ó sọ ìgbàgbọ́ di kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìmọ̀. Lójú tiwa, kò sọ ọ́ di kékeré rárá. Ó kàn ń rán wa létí pé ẹnì kan wà tí ó sọ ọ́ fún wa. Ohùn kan ni ó gbé e wọlé. Ohùn tí ọmọ yìí kọ́kọ́ gbẹ́kẹ̀ lé láyé, tí ó ń kọrin sí i létí kí ó lè sùn, kò sí nínú ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti ń dùn ún, kò sì yẹ kí a fi ẹ̀rín lé e.

A sọ fún un pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú rẹ̀. Ìjọ Áńgílíkà ni ti ẹni náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń ka Bíbélì Yorùbá nínú Ìjọ Elétò wa tí kò jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ní ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣoògùn, ọmọdékùnrin ni nígbà náà. Wọ́n tà á láti ọwọ́ kan dé òmíràn títí ó fi dé Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ Potogí tí wọ́n kó wọn sí, wọ́n sì sọ wọ́n kalẹ̀ ní Sàró. Kò ju bí oṣù mẹ́fà lọ tí ó fi ń ka Májẹ̀mú Titun. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825, ó di Samuel Crowther. Wọ́n mú un lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1826. Ó padà ní ọdún 1827, ó sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay. Ẹ kíyè sí i pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi gbọ́ nípa Jésù, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kàwé, Gẹ̀ẹ́sì náà ni ó fi di olùkọ́.

Ní ọdún 1837, ó kọ lẹ́tà gígùn kan nípa bí wọ́n ti kó o. Ó wo ọjọ́ burúkú náà lẹ́yìn, ó sì ní bí ó ti korò tó, òun ti kẹ́kọ̀ọ́ láti pè é ní ọjọ́ ìbùkún ní ọ̀nà mìíràn, nítorí ibi tí Ọlọ́run gbà á dé. Ọ̀rọ̀ ńlá ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ka ìtàn náà, ohun tí ó wá sí wa lọ́kàn ni pé ìyá rẹ̀, tí ẹkún ọjọ́ náà jẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú, kò lè ka lẹ́tà náà. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọmọ òun wà láàyè. Ó rọrùn fún ọmọ láti rí ìbùkún nínú ìbànújẹ́ lédè tí ìyá kò gbọ́. Ó ku kí ó lè sọ ọ́ lójú ìyá.

Ní ọdún 1843 ni a fi àmì òróró yàn án ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844, ó dúró ní Freetown láti darí ìsìn ní Yorùbá fún àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí, ẹni tí a bí ní Òṣoògùn, tí ó ti tẹ ìwé lórí èdè Yorùbá jáde ní ọdún tí ó ṣáájú, kọ sílẹ̀ nípa ọjọ́ náà. Ó ní òun mọ èdè náà dáadáa, ṣùgbọ́n bí òun ti dúró níbẹ̀, àfi bí ọmọ ọwọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè ìyá rẹ̀. Nítorí náà, kí ọmọ wa má ṣe rò pé òun nìkan ni ahọ́n ń lọ́ lẹ́nu. Ahọ́n Crowther pàápàá wúwo lọ́jọ́ náà, ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti kó o. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbàdúrà, àwọn tí wọ́n wà níbẹ̀ dáhùn láti ibi tí wọ́n wà pé, "Kó ṣẹ!" Kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn. Bí wọ́n ti ń dáhùn ìwúre nílé kí ogun tó dé ni wọ́n ṣe dáhùn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, ó bá ìyá rẹ̀ pàdé ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25. Ní ọdún 1848 ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní Hannah. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwé Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní mọ ìdí rẹ̀. Ọdún 1850 ni ìtumọ̀ rẹ̀ sí Ìwé sí àwọn ará Róòmù jáde. Òun àti àwọn mìíràn ni wọ́n ń bá iṣẹ́ náà lọ títí odindi Bíbélì Yorùbá fi wà lọ́wọ́ wa ní ọdún 1884. A fẹ́ràn láti rò pé ìyá kan wà lójú rẹ̀ bí ó ti ń ṣa ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ní ti Ìjọ Elétò wa, Thomas Birch Freeman tí ó dé Àgbádárìgì ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 kò gbọ́ Yorùbá. Ògbifọ̀ ni ó ń gba ẹnu rẹ̀ sọ ọ́. A kì í dárúkọ àwọn ògbifọ̀ nígbà àjọ̀dún, ó sì yẹ kí a máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ń bú àwọn òbí ọmọ náà. Ẹ rọra. Ìbẹ̀rù ebi ni ó wà nídìí ọ̀pọ̀ nǹkan tí àwọn òbí ń ṣe. Níléèwé púpọ̀, owó ìtanràn ni ọmọ yóò san bí ó bá sọ fanákúlà, níbòmíràn wọn a so pákó mọ́ ọn lọ́rùn. Ìyá tí ó rí ìyẹn, tí ó sì rí i pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń gbani síṣẹ́, kí ni ẹ fẹ́ kí ó ṣe? Ohun tí ó dùn wá ni pé ìbẹ̀rù náà kò ní ìdí tó bí a ti rò. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bàbátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín wọn. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2025, wọ́n tún fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí ó jẹ́. A ní ohun tí a lè sọ sí ìyẹn, ṣùgbọ́n ibí kọ́. Kò sí mínísítà tí ń wá sí àdúrà ìdílé ní agogo márùn-ún ìdájí. Ìyá ilé ni ó ń yan èdè tí wọn yóò fi gbà á.

Ẹ má sì jẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ yìí di ti ẹni tí Yorùbá rẹ̀ mọ́ jù. "Àdúrà" tí gbogbo wa ń gbà, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni. Ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni ó ti bá wa. Ọ̀dọ̀ wọn náà ni "àlùfáà" àti "ìwàásù" ti wá. Àwọn baba wa yá a, wọ́n sì fi sin Olúwa. Bí ọmọ kan bá ń gbàdúrà tí ó sì ki Gẹ̀ẹ́sì méjì mẹ́ta bọ̀ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ ṣùtì sí i.

Gbèsè yìí kò sì wà lọ́rùn ọmọ nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ bá àwọn ọmọ yín tọ́jú ọmọ tuntun ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà mọ ohun tí a ń sọ. Ìyá àgbà yóò gbé ọwọ́ lé ọmọ-ọmọ lórí, yóò wúre títí, ọmọ yóò sì máa wojú ìyá rẹ̀ pé kí ni wọ́n ń sọ. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa, tí ó ti lé ní ọdún 70, ní kí ọmọ-ọmọ òun ọkùnrin kọ́ òun ní gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin péré tí òun yóò fi máa súre fún un lórí fóònù ní alaalẹ́. Ó ní ọmọ náà máa ń tún un ṣe fún òun bí tíṣà, kí ó tó wá ṣe àmín. Ìyá yìí ti ṣe èyí tí Pọ́ọ̀lù ń béèrè.

Ọmọ wa béèrè bóyá kí òun dẹ́kun àti máa gbàdúrà ní Gẹ̀ẹ́sì. A ní rárá. Níkọ̀kọ̀, kí ó fi èdè tí ọkàn rẹ̀ bá gbé wá bá Baba rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọwọ́ ẹlòmíràn mú, ti ẹni tí ó di lọ́wọ́ mú ni kí ó kọ́kọ́ rò. Ìyá àgbà ṣì wà láàyè, a dúpẹ́, ojú wọn ni ó ti ń ṣókùnkùn. A ní kí ó má ṣe wá àdúrà ńlá kan kiri. Kí ó mú Bíbélì Yorùbá, kí ó ka Sáàmù 23 fún wọn. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n sórí kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀. Bí ó bá ṣi ohùn pè, wọn yóò tún un ṣe, wọn yóò sì mọ ibi tí ó parí sí.

Ó ti ń lọ. Ìbéèrè mìíràn ni ó sì tún gbé dé láti ibẹ̀, èyí tí ó kó kíláàsì wa sí ìyọnu fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní: bí mo bá ń bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀, "ẹ" ni mo gbọ́dọ̀ máa pè wọ́n, bí mo bá pè wọ́n ní "o", wọn yóò gbá mi létí. Kí ló dé tí Sáàmù fi ń pe Ọlọ́run ní "ìwọ", bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀?

Ẹni tí ń fi Gẹ̀ẹ́sì gbàdúrà kò lè bá ìbéèrè yìí pàdé láé. Ìyá kan ní nítorí pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ni. Bí a bá pè é ní "ẹ", a ó dà bí ẹni tí ń sin púpọ̀. Ìyá mìíràn ní ọmọ tí ó sún mọ́ baba rẹ̀ gan-an kò ní ránti ẹ̀yẹ. Àwa ní kí wọ́n wo oríkì: bí a bá ń ki ọba pàápàá, "ìwọ" ni, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé akéwì náà rí ọba fín. Ìyá kẹta wá da gbogbo rẹ̀ rú, ó ní nínú àwọn ègbè tí a ń kọ láyé òde òní, "Ẹ ṣeun, Bàbá" ni a ń wí, Ọlọ́run kò sì tíì bínú. Títí a fi ṣe oore-ọ̀fẹ́, a kò yanjú rẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, ní ilé yín, èwo ni ẹ ń lò, ta ni ó sì kọ́ yín? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí olóòtú kí ìwé wa tí ń bọ̀ tó jáde, kí a lè kà á sí etí ọmọ náà àti ìyá àgbà rẹ̀.